Frederick Lugard (1858–1945): Ìránṣẹ́ Ilé-Iṣẹ́ Òwò tí ó Di Gómìnà Àgbà

Frederick John Dealtry Lugard ni ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó da Gúúsù àti Àríwá Nàìjíríà pọ̀ di orílẹ̀-èdè kan ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kìíní, ọdún 1914. Òun náà ni ó yan etí Odò Kàdúná fún olú-ìlú tuntun tí ìjọba Àríwá kó lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ nípa rẹ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ girama kò ju èyí lọ, àfi bí wọ́n bá fi ètò ìjọba tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń gba ọwọ́ àwọn ọba ṣe kún un. Ohun tí a kì í sábà tẹnu mọ́ ni pé kí Lugard tó di òṣìṣẹ́ ìjọba, ó ti ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ òwò mẹ́rin ní Áfíríkà, àti pé aya rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn akọ̀ròyìn tí ọ̀rọ̀ wọn wúwo jù ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí owó àwọn oníṣòwò ṣe ń darí òfin àti ìròyìn ní ilẹ̀ yìí kí a tó bí àwọn òbí wa, kò ní rí ìtàn ìgbésí ayé tí yóò là á lọ́yẹ̀ ju ti ọkùnrin yìí lọ.

Wọ́n bí Lugard ní ọjọ́ 22, oṣù Kìíní, ọdún 1858, ní ìlú Madras ní ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí bàbá rẹ̀ ti jẹ́ àlùfáà fún àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Kò tíì pé ọmọ ọdún 10 nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó dàgbà sí. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Rossall, ó sì wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gágun ní Sandhurst ní 1878. Ó jagun ní Afghanistan, ní Sudan àti ní Burma, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ akọni ní 1887. Ní àkókò yìí ni ọ̀rọ̀ ìfẹ́ láàárín òun àti obìnrin kan bàjẹ́. Ìbànújẹ́ náà pọ̀ lórí rẹ̀ débi pé ó fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà láìmọ ohun tí yóò ṣe níbẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ òwò ni ó gbà á. Ní 1888, African Lakes Company, tí ń ṣòwò ní agbègbè adágún Nyasa, fi í ṣe olórí àwọn tí ń bá àwọn oníṣòwò ẹrú jà ní Karonga. Ọta ìbọn bà á níbẹ̀, ó sì fi ara pa gidigidi. Ìrírí yìí ni ó gbin ìkórìíra òwò ẹrú sí i lọ́kàn, ìkórìíra tí kò kúrò lára rẹ̀ títí ó fi kú. Ó tún kọ́ ẹ̀kọ́ kejì níbẹ̀: ó rí i pé ilé-iṣẹ́ aládàáni lè kó ọmọ ogun jọ, kí ó sì jagun, kí ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ sì dúró lókèèrè bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn.

Ilé-iṣẹ́ kejì tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Imperial British East Africa Company ni, tí William Mackinnon, olówó ọkọ̀ ojú omi, dá sílẹ̀, tí ọba Gẹ̀ẹ́sì sì fún ní ìwé àṣẹ ní 1888. Ìwé àṣẹ irú èyí fún oníṣòwò ní agbára láti gba owó orí, láti dá ilé ẹjọ́ sílẹ̀ àti láti ní ọmọ ogun. Lugard dé Uganda fún wọn ní ìparí 1890, ó sì mú Kabaka Mwanga fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Ní oṣù Kìíní 1892, ó fi ìbọn Maxim gbe àwọn Kristẹni kan lẹ́yìn lórí àwọn Kristẹni mìíràn nínú ogun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Mengo. Ṣùgbọ́n owó ti tán lápò Mackinnon. Ilé-iṣẹ́ náà kéde pé òun yóò kúrò ní Uganda.

Ibi tí Lugard ti di ògbóǹtarìgì nínú lílo ìwé ìròyìn nìyí. Ó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1892, ó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, ó ń bá àwọn ìjọ ọlọ́run àti ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò sọ̀rọ̀, ó ń kọ lẹ́tà sí The Times, ó sì tẹ ìwé ńlá olójú ewé púpọ̀ jáde ní 1893. Ohun tí ó ń wí fún wọn kò ju méjì lọ. Fún àwọn ẹlẹ́sìn, ó ní bí ìjọba bá jẹ́ kí Uganda bọ́, àwọn ajíhìnrere yóò kú. Fún àwọn oníṣòwò, ó ní ọjà tuntun ń bẹ níbẹ̀ fún aṣọ àti irin wọn. Ìjọba tí kò fẹ́ná owó tẹ́lẹ̀ yí ọkàn padà. Ní 1894, Uganda bọ́ sábẹ́ àkóso Gẹ̀ẹ́sì. Gbèsè oníṣòwò ti di ẹrù ìlú. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀gágun Lugard gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé ire àwọn ará Uganda ni òun ń jà fún, kò sí ará Uganda kankan tí a bi léèrè.

Ìlú wa ni ó kàn. George Goldie, ọmọ erékùṣù Man, ti da àwọn ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ń du ara wọn ní Odò Ọya pọ̀ sí ọ̀kan ṣoṣo ní 1879, ó sì gba ìwé àṣẹ ọba fún un ní oṣù Keje 1886. Royal Niger Company ni orúkọ rẹ̀ láti ìgbà náà. Ìwé àṣẹ náà kà á léèwọ̀ fún un láti gba ọjà fún ara rẹ̀ nìkan, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà fi owó ìwé ìyọ̀ǹda àti owó ibodè dí ọ̀nà mọ́ gbogbo ẹlòmíràn. Àwọn ará Nembe ní etíkun, tí òwò epo wọn ti wà kí Goldie tó dé, rí i pé ebi fẹ́ pa wọ́n. Ní oṣù Kìíní 1895, Ọba Koko kó wọn jọ, wọ́n sì kọlu ibùdó ilé-iṣẹ́ náà ní Akassa. Ọmọ ogun orí omi Gẹ̀ẹ́sì ni ó wá gbẹ̀san. Goldie kò fẹ́ kí ayé mọ ohun tí ń lọ ní ilẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó dàgbà, ó sun àwọn ìwé rẹ̀ níná, ó sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé wọn kò gbọ́dọ̀ ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti kọ ìtàn ìgbésí ayé òun.

Ní 1894, Goldie rán Lugard lọ sí Borgu láti gba ìwé àdéhùn ṣáájú àwọn Faransé. Ó dé Nikki ní oṣù Kọkànlá, ó gba àdéhùn, ó sì jáde ní ọjọ́ díẹ̀ kí ọ̀gágun Decoeur tó wọlé. Lójú ọ̀nà, wọ́n ta á lọ́fà olóró ní orí, ṣùgbọ́n kò kú. Àwọn Faransé jiyàn pé àdéhùn náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé sì pín ilẹ̀ ní 1898, Nikki bọ́ sí ọwọ́ Faransé. Orílẹ̀-èdè Benin ni ó wà lónìí. Ìrìn àjò yìí, tí ilé-iṣẹ́ òwò san owó rẹ̀, wà lára ohun tí ó jẹ́ kí ààlà kọjá láàárín àwọn Bàrùbá títí di òní olónìí.

Ilé-iṣẹ́ kẹrin, British West Charterland, rán an lọ wá dáyámọ́ńdì ní agbègbè tí a ń pè ní Botswana báyìí. Iṣẹ́ yẹn kò so èso. Nígbà tí ó wà níbẹ̀, ní oṣù Kìíní àti Kejì 1897, àwọn ọmọ ogun Goldie ṣẹ́gun Bídà, wọ́n sì wọ Ìlọrin. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ọmọ ogun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi àgbá ṣẹ́gun Ìlọrin ní ọjọ́ náà. Ọmọ ogun ilé-iṣẹ́ tí ń ra ẹkùrọ́ ni.

Inú oṣù Kìíní yẹn kan náà ni orúkọ orílẹ̀-èdè wa jáde. Flora Shaw, alámòójútó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àmúnisìn fún The Times, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn náà ní ọjọ́ 8 pé orúkọ ilẹ̀ tí Royal Niger Company ń ṣàkóso ti gùn jù, kí a kúkú máa pè é ní Nigeria. Ọ̀rẹ́ Goldie ni obìnrin yìí. Wọ́n bí i ní 1852. Ó fi ọgbọ́n orí àti iṣẹ́ àṣekára dé ipò tí obìnrin kankan kò tíì dé ní The Times. Bí àwọn mínísítà bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn ènìyàn ń rò nípa Áfíríkà, ohun tí ó bá kọ ni wọ́n ń kà. Ṣùgbọ́n ní 1897 yẹn kan náà, ìgbìmọ̀ Ilé Aṣòfin pè é wá jẹ́rìí lórí ìkọlù tí Jameson ṣe sí Transvaal. Cecil Rhodes àti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ni ó wà nídìí ìkọlù náà, wọ́n sì ti rí àwọn tẹligíráàmù tí akọ̀ròyìn yìí ń bá Rhodes kọ síra wọn ṣáájú ọjọ́ náà. Ó fi ọgbọ́n dá wọn lóhùn, ó sì bọ́ láìjẹ̀bi. Síbẹ̀, ìwé tí ó wà nílẹ̀ fi hàn pé akọ̀ròyìn ti mọ ohun tí olówó fẹ́ ṣe kí ó tó ṣe é, kò sì sọ fún àwọn òǹkàwé rẹ̀.

Joseph Chamberlain, mínísítà fún àwọn ilẹ̀ àmúnisìn, pe Lugard wálé ní 1897 láti dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀. Láti ìgbà náà, ó di òṣìṣẹ́ ìjọba. Ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kìíní, ọdún 1900, wọ́n sọ àsíá ilé-iṣẹ́ Goldie kalẹ̀ ní Lọ́kọ́ja, wọ́n fa ti ọba Gẹ̀ẹ́sì sókè, Lugard sì di Kọmíṣọ́nà Àgbà fún Àríwá Nàìjíríà.

Ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn máa ń sáré kọjá ibi yìí, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gidi wà nínú ohun tí ìjọba san kí àsíá náà tó sọ̀ kalẹ̀. Pọ́n-ùn 865,000 ni wọ́n kà lé ilé-iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Wọn kò sì gba òwò lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé ìkẹ́rù, ọkọ̀ àti ọjà rẹ̀ ṣì wà fún un, ẹrù ìjọba nìkan ni ó sọ̀. Lẹ́yìn èyí, àdéhùn fún un ní ìdajì owó ẹ̀tọ́ tí ìjọba bá gbà lórí ohun àlùmọ́ọ́nì, fún ọdún 99, ní gbogbo ilẹ̀ tí ó wà láàárín Odò Ọya àti ìlà tí wọ́n fà láti Yola lọ sí Zinder. Nígbà tí wọ́n ń fọwọ́ sí i, ó jọ ọ̀rọ̀ lásán. Kò pẹ́ tí kùsà, irin tí a fi ń ṣe agolo, fi yọ lórí òkè Jos, inú ilẹ̀ tí wọ́n fàlà sí gan-an. Àwọn ará ibẹ̀ ti ń wa kùsà, wọ́n ti ń yọ́ ọ láti ayébáyé. Báyìí, ìdajì owó ẹ̀tọ́ orí rẹ̀ di ti ilé-iṣẹ́ tí ó ti kúrò lórí oyè.

Ní ti ogun, Lugard kò fi àkókò ṣòfò. Kontagora àti Bídà ṣubú ní 1901, Kánò ní oṣù Kejì 1903, Sókótó ní oṣù Kẹta. Súltánì Attahiru sá, wọ́n sì pa á ní Burmi ní oṣù Keje ọdún yẹn. Lugard kò ní owó, kò sì ní òṣìṣẹ́ tó pọ̀. Ó wá fi àwọn ọba sílẹ̀ lórí oyè, ó ń gba ọwọ́ wọn ṣe ìjọba. Òun àti Flora Shaw ṣe ìgbéyàwó ní erékùṣù Madeira ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹfà, ọdún 1902. Aya náà tẹ̀ lé e wá sí Zungeru, ṣùgbọ́n àìsàn dá a padà sílé láìpẹ́. Ìyàtọ̀ kékeré ni èyí ṣe: láti Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti ń bá àwọn mínísítà jẹun, tí ó ń kọ̀wé, tí ó sì ń tún ìjà ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀gá rẹ̀ ṣe. Ìwé rẹ̀ lórí ìtàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ó jáde ní 1905, wà lára ohun tí ó sọ Lugard di akọni lójú àwọn Gẹ̀ẹ́sì.

Lugard fi ipò sílẹ̀ ní 1906, ó lọ ṣe Gómìnà Hong Kong láti 1907 sí 1912. Yunifásítì tí ó dá sílẹ̀ níbẹ̀ ṣì wà.

Kí ó tó padà dé, àwọn oníṣòwò kò sùn. Ẹgbẹ́ British Cotton Growing Association, tí àwọn oníṣẹ́ aṣọ Lancashire dá sílẹ̀ ní 1902, ti ń ti ìjọba pé kí ọkọ̀ ojú irin dé Kánò kí òwú lè ti ibẹ̀ wá sí Manchester. Alfred Jones ni ààrẹ wọn. Òun kan náà ni ó ni ọkọ̀ ojú omi Elder Dempster tí ń kó gbogbo ẹrù wá, tí báńkì tí ń kó owó ẹyọ fàdákà wọlé sì wà lábẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti Baro ní 1907, ọkọ̀ sì dé Kánò kí 1912 tó parí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà dùn ún gbọ́. Àwọn àgbẹ̀ Kánò wo iye tí wọ́n ń san lórí òwú, wọ́n wo iye tí wọ́n ń san lórí ẹ̀pà, wọ́n sì gbin ẹ̀pà. Fún kùsà ní tirẹ̀, wọ́n la ojú irin tẹ́ẹ́rẹ́ láti Zaria lọ sí òkè Jos, ó sì dé Bukuru ní 1914. Ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ènìyàn ti ń du ìpín ìdókòwò kùsà Nàìjíríà bí ẹni ń du omi lọ́dún ọ̀gbẹlẹ̀.

Lugard padà wá ní 1912 láti da Nàìjíríà pọ̀. Àríwá kò rí owó tó fún ìnáwó rẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù ni ó ń ràn án lọ́wọ́, owó ibodè Gúúsù sì ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Ọ̀pọ̀ nínú owó ibodè yẹn wá láti orí ọtí jìn tí àwọn oníṣòwò ń kó wọlé. A gbọ́dọ̀ ṣe òótọ́ fún Lugard níbí: ó kórìíra òwò ọtí yìí, ó ti kọ̀wé lòdì sí i láti 1897, kò sì gbà kí ó wọ Àríwá. Kì í ṣe gbogbo ohun tí oníṣòwò bá wí ni ó ń gbà.

Ó wá dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀, Nigerian Council, tí yóò máa pàdé láti gbọ́ ọ̀rọ̀ gómìnà. Ènìyàn 36 ni ó wà níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba jẹ́ 23. Nínú 13 tí ó kù, àwọn òyìnbó 7 ló ń ṣojú òwò, ọkọ̀ ojú omi, ìwakùsà àti báńkì. Ọmọ Nàìjíríà 6 ni ó ń ṣojú gbogbo ará ìlú yòókù. Aláàfin Ọ̀yọ́, Súltánì Sókótó àti Ẹ́míà Kánò wà lára àwọn 6 yìí, wọn kì í sì í sábà wá. Ìgbìmọ̀ náà kò lágbára láti ṣòfin, nítorí náà a lè sọ pé kò já mọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí a ti ka orí yẹn jẹ́ ká mọ ẹni tí ìjọba kà sí ọmọ ilé àti ẹni tí ó kà sí àlejò.

Ní 1913 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Ilẹ̀ àwọn Gbagyi ni. Orúkọ odò náà ni ìlú jẹ́, ọ̀pọ̀ sì gbà pé ọ̀rọ̀ Hausa fún ọ̀nì ni ó ti wá. Lugard kò fẹ́ Zungeru mọ́, nítorí ó móoru, ó sì há. Kò fẹ́ Kánò tàbí Zaria, nítorí pé ìlú tí ó ní ọba kò rọrùn fún gómìnà tí ó fẹ́ pàṣẹ láti orí àtẹ mímọ́. Ohun tí ó fẹ́ ni ibi tí ojú irin ti ré odò kọjá, tí ọ̀nà irin mìíràn yóò sì wá pàdé rẹ̀ láti Port Harcourt àti ibi èédú Enugu. Ó fẹ́ kí ìlú yìí di olú-ìlú gbogbo Nàìjíríà pàápàá, kí ó lè jìnnà sí ariwo Èkó, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kò gbà. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ lọ́wọ́ ni ìjọba Àríwá kó ti Zungeru wá síbẹ̀.

Wọ́n gé ìlú náà sí wẹ́wẹ́ lórí ìwé kí ilé kan tó dúró. Òyìnbó ní apá tiwọn, wọ́n fi ilẹ̀ gbalasa tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọ́lé sí ya á kúrò lára ti ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà, òfin ìlú ti 1917 sì fìdí ètò bẹ́ẹ̀ múlẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Àwọn Yorùbá wà lára àwọn àlejò àkọ́kọ́ tí ojú irin kó wá: akọ̀wé, oníṣẹ́ irin, aránṣọ, àwọn obìnrin oníṣòwò. Wọ́n ti ìlú tí wọ́n bí wọn sí wá sí ìlú tí kò ní ọjà àgbà, tí kò ní ààfin, tí kò sì ní oríkì. Ìdí tí a fi dá a sílẹ̀ kò ju ọ́fíìsì àti ibùdókọ̀ ojú irin lọ.

Ogun tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 1914 da òwò rú. Jámánì ni ó ń ra èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹkùrọ́ wa. Ọjà yẹn ti pa. Ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ ni ó kù, wọ́n sì mọ bí a ti í fohùn ṣọ̀kan lórí iye tí wọn yóò san. Iye tí àgbẹ̀ ń gbà wálẹ̀, iye aṣọ àti iyọ̀ tí ó ń rà lọ sókè. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ lórí ẹkùrọ́ àti ẹ̀pà dámọ̀ràn ní 1916 pé kí a máa gba pọ́n-ùn 2 lórí tọ́ọ̀nù ẹkùrọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó bá ń lọ sí ibi tí kì í ṣe ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń fọ́ ẹkùrọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni èyí yóò ṣe láǹfààní. Àgbẹ̀ Ìjẹ̀bú tàbí Ẹ̀gbá ni yóò san án, nítorí pé yóò dín àwọn tí ń du ọjà rẹ̀ kù. Ó di òfin ní 1919, wọn kò sì fagi lé e títí di 1922.

Àwọn ìwé ìròyìn Èkó kọ ọ̀rọ̀ lé èyí lórí, inú wọn kò sì dùn. Thomas Horatio Jackson ń darí Lagos Weekly Record tí bàbá rẹ̀ dá sílẹ̀. James Bright Davies, ọmọ Sierra Leone tí ó ti pẹ́ ní Èkó, ní Nigerian Times tí ó dá sílẹ̀ ní 1910, tí ó yí orúkọ rẹ̀ sí Times of Nigeria lẹ́yìn náà. Àgbàlagbà tí ó ń sún mọ́ ọmọ 70 ọdún ni Davies. Ó kọ ọ́ pé àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ń yan àgbẹ̀ jẹ lórí iye ọjà, pé ìjọba Lugard kò sì ṣe nǹkan kan sí i, àti pé ìṣàkóso rẹ̀ burú débi pé àwọn ènìyàn lè má ṣàárò rẹ̀ bí ọ̀gá mìíràn bá dé. Ogun ń lọ, Jámánì sì ni ọ̀gá mìíràn tí ó ṣeé fọkàn rò. Ní 1916 wọ́n fi ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ kàn án, wọ́n sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ràn náà kò rọrùn fún àwọn oníwèé ìròyìn láti ẹ̀yìn wá. Òǹkàwé wọn kò pọ̀. Owó ìpolówó láti ọ̀dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ òwò wọ̀nyí àti láti ọ̀dọ̀ ìjọba wà lára ohun tí ń ra tádàwà. Ẹni tí ó bá bú wọn lójú ewé kìíní ń wo ojú ewé tí ó gbẹ̀yìn pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ní 1914, Kitoye Ajasa, agbẹjọ́rò ọmọ Èkó, dá Nigerian Pioneer sílẹ̀, ìwé tí ń gbèjà ìjọba níbi tí gbogbo ìwé yòókù ti ń bú u. Ọ̀pọ̀ ará Èkó gbà gbọ́ pé Lugard ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ajasa di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè Sir dá lọ́lá, ní 1928. Lugard fi òfin ìwé ìròyìn ti 1917 kún un. Pọ́n-ùn 250 ni ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ ìwé ìròyìn jáde yóò fi ṣe ìdúró, owó tí ilé ìtẹ̀wé kékeré kò lè rí.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìwé ìròyìn nìkan kọ́ ni ó jìyà. Ọmọ ogun yìnbọn pa àwọn ènìyàn ní Ìjẹmọ̀ ní Abẹ́òkúta ní oṣù Kẹjọ 1914, oṣù tí ó tẹ̀ lé e ni òmìnira Ẹ̀gbá parí. Àwọn ará Ìṣẹ́yìn dìde ní 1916. Nígbà tí owó orí tuntun dé bá Ẹ̀gbá ní 1918, ogun Àdùbí bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà, wọ́n tú ojú irin, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì lọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni Lugard fi Nàìjíríà sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ níbí parí ní 1919.

Ó gbé ilé rẹ̀ ní Abinger, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, fún ọdún 26 tí ó kù. Ní 1922 ó tẹ ìwé tí ó lókìkí jù nínú ìwé rẹ̀ jáde, The Dual Mandate in British Tropical Africa. Ohun tí ó ń jà fún níbẹ̀ ni pé òyìnbó wà ní Áfíríkà fún ire ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ àti fún ire ọmọ ilẹ̀, pé méjèèjì kò sì tako ara wọn. Bí wọ́n bá tako ara wọn ńkọ́? Ìwé náà kò fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ fún ìbéèrè yẹn. Ó ṣiṣẹ́ lábẹ́ àjọ League of Nations fún ọdún 14, ó gba oyè Baron ní 1928. Flora kú ní oṣù Kìíní 1929. Wọn kò bímọ.

Ilé-iṣẹ́ Goldie kò kú. Lever Brothers, àwọn ọlọ́ṣẹ, rà á ní 1920 ní iye tí ó ju mílíọ̀nù 8 pọ́n-ùn lọ, wọ́n sì fi ṣe ìpìlẹ̀ United Africa Company ní 1929. Ìdajì owó ẹ̀tọ́ orí kùsà bá a lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ó di nǹkan bí 1950 kí ìjọba Nàìjíríà tó fi owó ra á padà. Ó yẹ kí a sọ pé Lever bẹ̀bẹ̀ títí fún ilẹ̀ ńláńlá tí yóò gbin ọ̀pẹ sí ní Nàìjíríà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò sì fún un. Ilẹ̀ wà lọ́wọ́ àgbẹ̀. Iye ọjà ni kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Lugard kú ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹrin, ọdún 1945, ní ẹni ọdún 87. Ọdún yẹn ni ìjọba tún òfin ohun àlùmọ́ọ́nì ṣe, tí ó tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ti ọba Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ohun tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní oṣù Kẹfà, àwọn òṣìṣẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè daṣẹ́ sílẹ̀; ní oṣù Keje, ìjọba fòfin de West African Pilot àti Daily Comet, ìwé ìròyìn Azikiwe, fún ìgbà díẹ̀. Lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e, Herbert Macaulay, tí ó ti bá ìjọba Lugard jà, bá ẹgbẹ́ NCNC rìn lọ sí Àríwá láti tako òfin ohun àlùmọ́ọ́nì yìí àti àwọn òfin mìíràn. Àìsàn dá a dúró ní Kánò. Wọ́n gbé e padà sí Èkó, ó sì kú ní oṣù Karùn-ún 1946, ní ẹni ọdún 81.

Ní 1957, ilé-iṣẹ́ aṣọ Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú tí Lugard tẹ̀ dó, pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ kan láti Lancashire gẹ́gẹ́ bí alábàáṣiṣẹ́. Òwú Àríwá, tí wọ́n tìtorí rẹ̀ la ojú irin kí ó lè dé Manchester, wá di aṣọ ní Kakuri. Gbọ̀ngàn tí àwọn aṣòfin Àríwá ń pàdé ní Kàdúná ni wọ́n fi orúkọ Lugard pè. Ibẹ̀ ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Kàdúná jókòó sí lẹ́yìn náà.